Ọ̀rọ̀ tí Ó Gbẹ́ Ère

Nínú eré àròsọ tí òṣèré ti ń di akọni inú ìtàn, ère eléègún ti òrìṣà ìgbàgbé wọ́pọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbẹ́ irú ère bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ. *Feitiço*, èyí tí í ṣe oògùn tàbí ońdè, ni àwọn oníṣòwò Potogí pe ohun ìsìn etíkun Gánà. Ìwé tí Willem Bosman ará Họ́láńdì tẹ̀ jáde ní 1704 tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀. Ní 1760, Charles de Brosses fa orúkọ odidi ẹ̀sìn yọ lára rẹ̀.

Ní Accra, *wɔŋ* ni àwọn Gã ń pe òrìṣà, *wulɔmɔ* sì ni àwòrò. Ọ̀sà Korle ni ibùgbé Naa Korle, kì í ṣe igi gbígbẹ́. Wọn kò gbàgbé rẹ̀. Ó ṣì ní àwòrò. Síbẹ̀, *fetish* ni ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń so mọ́ orúkọ irú àwòrò bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ èdè bá tún ọ̀rọ̀ náà lò láìyẹ̀ ẹ́ wò, èdè àlejò ni yóò máa sọ ẹni tí onílé ń sìn.