Ọjọ́ Kan Nínú Ara Ẹ̀fọn ní Ìlú Bìní

Ní ìparí ọdún 2018, ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ojú àwọn aláìsàn pọ́n, ìtọ̀ wọn pọ́n, àwọn kan ń bi ẹ̀jẹ̀, àwọn kan sì kú. Láàárín ìgboro, ẹ̀fọn tó máa ń gbé ibà yìí káàkiri ni Aedes aegypti, ẹ̀fọn dúdú kékeré tó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí fáírọ́ọ̀sì náà ń ṣe fún ènìyàn. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ohun tó ń ṣe fún ẹ̀fọn fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn ló kọ́kọ́ ń kó o kí ó tó kó o ràn wá.

Mo fẹ́ to ọjọ́ kan nínú ayé irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ jọ: ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2018, nínú ilé kan létí ọ̀nà Siluko ní Ìlú Bìní. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé ẹ̀fọn náà. Ilé náà àti àwọn tó wà níbẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ nínú ara ẹ̀fọn, àwọn onímọ̀ ti rí i nínú yàrá àyẹ̀wò. Fáírọ́ọ̀sì ibà dengue, ọmọ ìyá ti ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, mo sì máa dárúkọ rẹ̀ níbi tó bá ti jẹ́ òun ni mo gbára lé.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀

Ilẹ̀ ti mọ́. Abo ẹ̀fọn wa fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri. Kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti bí i, nínú dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́yìnkùlé. Irú rẹ̀ kì í sábà fò ju ìwọ̀nba ilé díẹ̀ lọ ní gbogbo ayé rẹ̀. Omi dídùn inú òdòdó tó mu lánàá ti di agbára ìfò, ìyókù sì ti di ọ̀rá nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ sábẹ́ awọ ikùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni àká rẹ̀. Nínú àká yẹn ni yóò ti mú ohun tí yóò fi ṣe ẹyin, ibẹ̀ náà ni yóò ti mú ohun tí yóò fi bá àìsàn jà.

Òní ló pé ọjọ́ méjìlá tó mu ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tí ibà ń ṣe.

Aago méje

Ká tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọjọ́ méjìlá náà ti ṣe.

Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà balẹ̀ sínú ìfun ẹ̀fọn pẹ̀lú fáírọ́ọ̀sì. Kí ìfun tó fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹ̀jẹ̀ náà ká láti dà á, fáírọ́ọ̀sì díẹ̀ ti wọ inú sẹ́ẹ̀lì ògiri ìfun lọ. Fáírọ́ọ̀sì kì í jẹun, kì í mí, kò ní ohunkóhun tó lè fi ṣe agbára. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ lò, ti sẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ ni. Ọ̀rá wà lára ohun tó nílò jù. Ó ń lọ́ àwọn awọ ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì, ó ń ṣe kọ̀rọ̀ kéékèèké sára wọn, inú kọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló ti ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀. Ọ̀rá kan náà ló sì ń fi ṣe aṣọ tí àwọn ẹ̀dà náà ń wọ̀ jáde.

Ní 2012, Rushika Perera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí dengue bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn, ètò ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì náà yí padà, àti pé bí a bá dá iṣẹ́ ṣíṣe ọ̀rá dúró nínú rẹ̀, apá fáírọ́ọ̀sì kò ní ká a mọ́ láti pọ̀ bó ṣe fẹ́. Ní 2018, òun àti àwọn mìíràn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado wo ìfun odidi ẹ̀fọn ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ keje àti ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tó mu ẹ̀jẹ̀ tó ní dengue: bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń yí ipò padà ni ọ̀rá inú ìfun náà ń yí. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan tí kò lè dá dúró fún ara rẹ̀ ló ń darí ohun tí ara ẹlòmíràn yóò fi oúnjẹ ṣe.

Láti ìfun, fáírọ́ọ̀sì tàn dé àká, ó tàn dé ibi tí itọ́ ti ń sun. Ní Cuba lọ́dún 1900, ikọ̀ Walter Reed, tó ń wádìí ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, ti rí i pé ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kì í lè ran ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó bí ọjọ́ méjìlá. Wọn kò mọ ohun tó ń fa ìdádúró náà nígbà yẹn. Àwa ti mọ̀ báyìí: iṣẹ́ ni fáírọ́ọ̀sì ń ṣe nínú ara ẹ̀fọn.

Aago méje ààbọ̀

Ìyá kan ń wẹ ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, lẹ́yìnkùlé kí ó tó lọ sílé ìwé. Èémí àti òórùn ara wọn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀fọn, ó sì fò. Ní Rio de Janeiro, ìwádìí kan tó jáde ní 2011 rí i pé abo ẹ̀fọn tó kó dengue máa ń rìn ká ju èyí tí ara rẹ̀ dá lọ. Ẹ̀fọn wa bà sí ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, kò rí iṣan ẹ̀jẹ̀, ó fà á yọ, ó tún un kì bọ̀. Ìwádìí tó jáde ní 2022 láti Singapore sọ pé ẹ̀fọn tó kó dengue máa ń gún ara léraléra kí ó tó yó. Gbogbo ìgbà tó bá ki ẹnu bọ̀ ọ́ ló ń tu itọ́ síbẹ̀, fáírọ́ọ̀sì sì wà nínú itọ́ náà.

Ọmọ náà gbá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀fọn fò lọ láìyó.

Aago mẹ́jọ

Ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó rí mu ti tó láti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn gbóná ju ara kòkòrò lọ. Nínú yàrá àyẹ̀wò tútù, ara ẹ̀fọn lè gbóná sí i ní nǹkan bíi digíríì mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Ara rẹ̀ á wá ṣe àwọn pròtéènì tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ooru; nígbà tí àwọn onímọ̀ dí ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ kò dà dáadáa, ẹyin sì dínkù. Lẹ́yìn ooru ni omi: ó ń tọ̀ ọ́ jáde kí ara lè fúyẹ́. Lẹ́yìn omi ni amóníà tó ń jáde lára pròtéènì ẹ̀jẹ̀, tó jẹ́ májèlé, tí ara gbọ́dọ̀ sọ di ohun tí kò lè pa á.

Gbogbo èyí ń ná an ní agbára, inú àká kan náà ló sì ti ń wá. Nínú àwọn àyẹ̀wò mélòó kan tí wọ́n fi dengue ṣe, ẹ̀fọn tó kó o yé ẹyin tó kéré sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í kú lójú ẹsẹ̀, kì í dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣùgbọ́n ó ń san owó.

Aago kan ọ̀sán

Ooru mú. Ó sinmi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Aago mẹ́rin ààbọ̀

Lójú pópó, níwájú ilé náà, fọkanáísà kan ti to táyà àlòkù jọ, omi òjò oṣù kẹwàá ṣì wà nínú wọn, ìdin ẹ̀fọn ń jó nínú rẹ̀. Táyà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní agbègbè yìí. Ní 1991, ní Ìpínlẹ̀ Delta tó múlé gbe Ẹdó, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i pé Aedes albopictus ń bímọ lórí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Ẹ̀fọn Éṣíà ni, inú táyà àlòkù tí ọkọ̀ òkun ń kó ló sì fi rin ayé já.

Ebi tún ti ń pa abo ẹ̀fọn wa. Ọmọṣẹ́ fọkanáísà náà, ọmọ ọdún méjìdínlógún, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú táyà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí, kò lè gbá nǹkan. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀fọn yó.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ìyá ọmọ náà ti ta nẹ́ẹ̀tì bo bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣe dáadáa, nítorí àwọn ẹ̀fọn tó ń gbé ibà lásán ti jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń sọ ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀nà kan wà láti gba inú àká ẹ̀fọn dí fáírọ́ọ̀sì lọ́nà. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Wolbachia, bí wọ́n bá fi sínú Aedes aegypti, máa ń mú kí ó ṣòro fún fáírọ́ọ̀sì láti pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé àwọn méjèèjì ń du ọ̀rá kan náà. Ní Yogyakarta, ní Indonesia, ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2021 fi hàn pé ó dín dengue kù ní ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo gbà pé ó yẹ kí irú iṣẹ́ yìí gba àyè púpọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa, nítorí àwọn ẹ̀fọn ti ń borí oògùn tí a ń fọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn méjì tó jẹ. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ti wà lára èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Nàìjíríà. Bí ìyá ọmọ ọdún mẹ́fà náà bá gbé e lọ gbà á, iṣẹ́ ọjọ́ méjìlá tí fáírọ́ọ̀sì ṣe já sí asán lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó fún gbogbo ayé rẹ̀. Ọmọṣẹ́ fọkanáísà ní tirẹ̀, wọ́n ti bí i kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn irú rẹ̀ ni ìpolongo abẹ́rẹ́ fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án títí dé ẹni ọdún 44 wà fún. Bí kò bá tíì gbà á, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà orí á máa fọ́ ọ, ẹ̀yìn á máa ro ó, ọ̀gá rẹ̀ á ra oògùn ibà lásán fún un. Kí ó tó di ìgbà yẹn, fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wọ ara ẹ̀fọn mìíràn.