Ta Ló Dáná? Ìtàn Àròsọ, Èéfín Ayé àti Gbèsè Tí Wọn Ò Fẹ́ San

Ìtàn la máa ń tú níbí. Ti òní dá lórí èéfín: èéfín èédú, ti epo rọ̀bì àti ti gáàsì, èyí tó ń mú kí ayé gbóná, tí òkun fi ń ru sókè, tí òjò kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dá mọ́. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ta ló dáná, ta ni yóò sì san owó ohun tó jóná? A máa tọ ìbéèrè yìí gba ọ̀nà méjì, nínú ìwé àti fíìmù, àti nínú yàrá tí àwọn ìjọba ti ń ṣe àdéhùn. Ẹ ó rí i pé ohun tí yàrá ìpàdé ń fi pamọ́, inú ìtàn àròsọ ló ti máa ń yọjú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1962. Ọdún yẹn ni òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, J. G. Ballard, gbé The Drowned World jáde. Nínú rẹ̀, omi ti bo London, igbó ti hù sáàárín àwọn ilé gíga. Ẹni tó bá kà á lónìí á rò pé àná ni wọ́n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi ìwé náà pé kí ló fà á, á ní oòrùn ni. Ìjì jà lójú oòrùn, ayé gbóná, yìnyín yọ́. Kò sí ilé iṣẹ́ níbẹ̀, kò sí mọ́tò, kò sí ẹni tó dáná.

Mi ò bá Ballard jà o. Ọdún 1958 ni Charles David Keeling ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan ni nígbà náà. Ó ti kọjá 420 báyìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé lẹ́yìn tó ti hàn gbangba pé ọwọ́ ènìyàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ìtàn ṣì ń sọ omíyalé bí àmúwá Ọlọ́run. Bí kò bá sì sí ẹni tó fà á, kò sí ẹni tó jẹ gbèsè nìyẹn.

Ará erékùṣù ni àwọn tó tètè pè é ní gbèsè. Ní 1990, àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké tí òkun yí ká kóra jọ sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní AOSIS. Ní 1991, nígbà tí wọ́n ń múra àdéhùn àgbáyé lórí ojú ọjọ́ sílẹ̀, Vanuatu, tó wà láàárín òkun Pàsífíìkì, gbẹnu sọ fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n dá àpò owó adójútòfò kan sílẹ̀ fún ilẹ̀ tí òkun bá gbé lọ, kí àwọn ilẹ̀ olówó máa dá owó sí i gẹ́gẹ́ bí ọrọ̀ wọn àti ìwọ̀n èéfín tí wọ́n ń tú jáde. Àwọn àgbà ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọ́n sọ fún un. Ẹni tó ń jẹ kòkòrò ni kò gbọ́.

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Rio de Janeiro ní 1992 gbà pé gbogbo wa la jọ ru ẹrù náà, àmọ́ pé ti ẹnì kan wúwo ju ti ẹlòmíì lọ. Àpò owó yẹn kò wọlé. Ní July 1997, kí wọ́n tó lọ ṣe àdéhùn mìíràn ní Kyoto, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà dìbò 95 sí òdo pé ilẹ̀ àwọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ohun tí kò bá de àwọn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè náà. Ní 2001, Ààrẹ George W. Bush kẹ̀yìn sí Kyoto pátápátá. Bẹ́ẹ̀, tá a bá ṣírò gbogbo èéfín kábọ́ọ̀nù tí èédú, epo àti gáàsì ti tú jáde láti ìgbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ ti dé ayé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ ti Amẹ́ríkà nìkan. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ. Lóòótọ́, China ló ń tú èéfín jù lọ́dọọdún báyìí, ṣùgbọ́n gbèsè àná kì í parẹ́ torí pé ẹlòmíì ti ń jẹ tirẹ̀ lónìí.

Ibí yìí ni Hollywood ti yà mí lẹ́nu. Ní 2004, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Bush kẹ̀yìn sí Kyoto, fíìmù The Day After Tomorrow jáde. Sáyẹ́ǹsì inú rẹ̀ mẹ́hẹ, torí ayé kì í di yìnyín láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá ìparí rẹ̀: òtútù lé àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n ń sá lọ sí Mexico, Mexico sì ti ẹnubodè rẹ̀ pa. Ó di ìgbà tí Amẹ́ríkà fagi lé gbèsè àwọn ilẹ̀ Latin America kí ọ̀nà tó là. Igbákejì ààrẹ tó ń fi ìkìlọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ààrẹ, ó sì dúpẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ àwọn ilẹ̀ tálákà tó gbà wọ́n lálejò. Nínú fíìmù nìkan ni irú ìyẹn ti ṣẹlẹ̀.

Ní òde ayé, ìlérí la rí. Ní Copenhagen ní 2009, àwọn ilẹ̀ olówó ní àwọn máa kó 100 bílíọ̀nù dọ́là jọ lọ́dọọdún tó bá fi máa di 2020. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ OECD, 2022 ni wọ́n tó débẹ̀, owó yíyá ló sì pọ̀ jù nínú owó tí àwọn ìjọba gbé kalẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó dáná sun ilé rẹ ní kó o wá yá owó lọ́wọ́ òun kó o fi tún un kọ́. Ọdún 2009 yẹn náà ni Wanuri Kahiu, ọmọ Kenya, gbé fíìmù kúkúrú rẹ̀, Pumzi, jáde. Ogun omi ti jà tán, àwọn tó ṣẹ́kù ń gbé inú ilé tó pa dé, wọ́n ń sẹ́ òógùn àti ìtọ̀ ara wọn mu. Kò sí olùrànlọ́wọ́ kankan tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Asha ló dá jáde lọ gbin igi.

Ní Paris ní 2015, wọ́n gbà kí ọ̀rọ̀ òfò àti ìbàjẹ́ wọ inú àdéhùn, ṣùgbọ́n wọ́n fi gbólóhùn kan sínú ìpinnu tó bá a rìn: pé ìyẹn kò fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti béèrè owó gbà-máà-bínú. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Kim Stanley Robinson, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ The Ministry for the Future. Ooru pa 20 mílíọ̀nù ènìyàn ní India ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, India kò sì dúró gba àṣẹ mọ́. Wọ́n gbé ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n lọ fọ́n kẹ́míkà sójú ọ̀run láti dín oòrùn kù. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn gbèsè mọ́ ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè, ó lè gba ojú fèrèsé wọlé.

Ní 2022, omi kúrò nínú ìwé. Ó kan 33 mílíọ̀nù ènìyàn ní Pakistan, ó sì pa ju 1,700 lọ. Nílẹ̀ wa Nàìjíríà, ó pa ju 600 lọ, ó lé ju mílíọ̀nù kan kúrò nílé. Ní November ọdún náà, Pakistan ló ṣáájú àwọn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lọ sí ìpàdé Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbà láti dá àpò owó òfò àti ìbàjẹ́ sílẹ̀, ọdún 31 lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Vanuatu. Nígbà tí wọ́n ń dá owó sí i ní Dubai ní 2023, mílíọ̀nù 17.5 dọ́là ni Amẹ́ríkà ṣèlérí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ sínú: àwa náà ńkọ́? Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri, láti 1958 la sì ti ń tà á. Òfin ìṣirò ni pé ilẹ̀ tó bá jó epo ni wọ́n ń ka èéfín rẹ̀ sí lọ́rùn, nítorí náà epo tá a tà kò hàn nínú ìwé tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ wọ àpò àwọn kan láàárín wa. Suyi Davies Okungbowa, ọmọ Nàìjíríà, kò fi èyí bò nínú Lost Ark Dreaming tó kọ ní 2024. Òkun Atlantic ti kún, àwọn tó kù ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ń gbé inú ilé gogoro márùn-ún tí ìsàlẹ̀ wọn wà lábẹ́ omi. Olówó wà lókè, mẹ̀kúnnù wà nísàlẹ̀, níbi tí omi ti yí wọn ká. Tí owó ìtanràn bá dé lọ́la, ta ni yóò gbà á láàárín wa, ẹni tó wà lókè ni àbí ẹni tí omi ti dé ọrùn?

Ní 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin 27 ní fásitì kan ní Pàsífíìkì, ọ̀dọ́ bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Vanuatu gbé e fún wọn. Ní March 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà á wọlé. Ní July 23, 2025, ilé ẹjọ́ náà sọ èrò rẹ̀ ní The Hague: ó di dandan fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti dáàbò bo ojú ọjọ́, èyí tó bá sì kùnà lè jẹ̀bi, kó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe tàbí kó san owó gbà-máà-bínú. Ìmọ̀ràn ni, kò de ẹnikẹ́ni bí ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lé jáde nínú àdéhùn 1992 ti wà lákọsílẹ̀ báyìí lẹ́nu adájọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbà míì tẹ́ ẹ bá ṣí Netflix tàbí ìwé kan tí omi ti ń gbé ìlú lọ, ẹ má wo omi nìkan. Ẹ wò ó bóyá ìtàn náà sọ ẹni tó dáná.