Ògbufọ̀ Láàárín Ẹ̀rọ Méjì

Ní abúlé wa ní àgbègbè Akínyẹlé ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí baba mi lọ sí àjò àrèmabọ̀, ó fi díìsìkì pẹlẹbẹ kan sílẹ̀, tí ó kọ sí lára pé: Ìṣákọ́lẹ̀ àti Ààlà Oko. Kọ̀ǹpútà tí ó fi kọ ọ́ ti bàjẹ́ tipẹ́. A rí ẹni tí ó bá wa da ohun inú rẹ̀ sórí fóònù mi. Ṣùgbọ́n PC ayé àtijọ́ ni baba fi kọ ọ́, fóònù kò sì gbọ́ èdè PC.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí: kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dé ọjà màlúù Akínyẹlé yóò ti rí ògbufọ̀ tí ń dúró láàárín Fúlàní tí ó ń ta màlúù àti alápatà tí ó fẹ́ rà á. Kọ̀ǹpútà náà ní irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀. Emulator ni wọ́n ń pè é.

Kì í ṣe ohun tí ó dé lánàá. Ní ọdún 1963 ni IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fún Áfíríkà sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1964, wọ́n kéde ẹ̀rọ tuntun, System/360. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ni ó ti ní ẹ̀rọ 1401, tí ó jáde ní 1959, wọn kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ tí wọ́n ti kọ fún un ṣègbé. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. IBM fi ògbufọ̀ sínú 360, ó sì ń ṣe iṣẹ́ 1401. Larry Moss, òṣìṣẹ́ wọn, ni ó sọ ọ́ ní emulator.

PC ti IBM jáde ní 1981, iṣẹ́ tí a kọ fún un sì gba ọjà kan. Nígbà tí Acorn, ilé-iṣẹ́ kan ní Cambridge, gbé Archimedes jáde ní 1987, tí ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ́ ARM, wọ́n ṣe ògbufọ̀ fún un kí ó lè ṣe bí PC. Ó lọ́ra púpọ̀, nítorí pé bí a bá sọ gbólóhùn kan nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò tú u. Àwọn mìíràn tí a ṣe lẹ́yìn náà ń rántí ohun tí wọ́n ti tú, iṣẹ́ wọn sì yá. Ìran ARM yìí kan náà ni ó wà nínú fóònù tí àgbẹ̀ ń gbé lọ sí oko lónìí.

Mo fi DOSBox, ògbufọ̀ ọ̀fẹ́ kan tí ó jáde ní 2002, sórí fóònù mi. Ìwé baba mi là gbàrà: orúkọ àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, àti ibi tí a gbin pèrègún ààlà sí. Ṣùgbọ́n baba kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, ògbufọ̀ kò sì fi kún un. Ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìdílé kan ni ó kọ pé: "O da oko pada fun mi." Ṣé oko ni, àbí ọkọ́? Bí ó bá jẹ́ oko, àwọn ọmọ ìdílé náà, tí wọ́n ṣì ń dáko níbẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí ilẹ̀ náà mọ́.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti ń palẹ̀ mọ́ láti lé wọn kúrò. Mo ka gbólóhùn náà fún ìyá wa àgbà bí ó ti wà gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ́ ni, ọmọ mi. Ojú mi ni wọ́n ṣe yá a."

Ògbufọ̀ inú ẹ̀rọ dá lẹ́tà padà fún wa. Ẹnu àgbà ni ó dá àmì ohùn padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ní irú díìsìkì bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má ṣe dà á nù. Ẹ tètè wá ògbufọ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè.