Aago kékeré tí Compaq tẹ̀ lé ní Houston

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, mo jí lẹ́yìn iṣẹ́ òru, kọ̀ǹpútà mi ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Mo ní á jẹ́ pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni n'Ìbàdàn, mo bá pe ìyá àgbà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni, "Ta ló kú?" Aago méjìlá òru ni lọ́dọ̀ wọn! Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ní Houston.

Ibí ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Highway 249, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Compaq wà tẹ́lẹ̀. Ní 1982 ni Rod Canion, Jim Harris àti Bill Murto kúrò ní Texas Instruments, tí wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe kọ̀ǹpútà tó lè ṣe ohun gbogbo tí ti IBM ń ṣe, láì jí iṣẹ́ IBM. Àwọn kan ka ètò IBM, wọ́n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe. Àwọn tí kò fojú kàn án rí ló wá kọ tiwọn.

Kọ̀ǹpútà IBM ti 1981 kò ní aago tó ń rìn nígbà tí wọ́n bá pa á. Ẹ bá tàn án, á bi yín léèrè ọjọ́. Ní 1984 ni wọ́n fi chip Motorola kan, MC146818, sínú AT, bátìrì ló ń gbé e ró. Compaq náà tẹ̀ lé ìlànà aago yẹn, torí ibi tí IBM fi í sí ni àwọn ètò á ti máa wá a.

Chip yìí kò mọ ìlú kankan, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Nínú ọdún gan-an, nọ́ńbà méjì ìparí ló ń kà. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ètò ìṣiṣẹ́ méjì ló wà: ọ̀kan kọ aago Houston sínú rẹ̀, èkejì rò pé ti Greenwich ni, ó yọ wákàtí mẹ́fà kúrò. Ẹ ti rí ohun tó jí ìyá àgbà.

Àléébù mìíràn tún wà tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, chip náà máa ń yí nọ́ńbà rẹ̀ padà, kò sì ṣeé kà lásìkò yẹn. Ó ní àmì kan tó fi ń kìlọ̀. Bí àmì náà kò bá sí, ìdá 244 péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan ló dá yín lójú láti fi kà á. Ká ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú àáyá kan. Ètò ka wákàtí, ó rí mẹ́sàn-án. Kó tó ka ìṣẹ́jú, aago yí, ó rí òdo. Aago mẹ́sàn-án géérégé ló máa kọ sílẹ̀. Wákàtí odidi kan wọmi! Aago tó bá sì ṣìnà jìnnà, ojú ìwé báǹkì lè kọ̀ láti ṣí fún yín.

Nínú kernel Linux, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, driver aago á wo àmì náà, á dúró díẹ̀ bó bá rí i, á sì kà á láì wẹ̀yìn. Ní oṣù Kejìlá 2020 ni Thomas Gleixner, ará Jámánì, tún un ṣe: kà á, tún wo àmì náà, bó bá ti yọjú, da ohun tó o kà nù, kí o tún un kà. Ẹlòmíràn tún fi kún iṣẹ́ náà, ó wọ Linux 5.17 ní 2022. Ọdún méjìdínlógójì lẹ́yìn AT o!

HP ra Compaq ní 2002, orúkọ náà sì pòórá díẹ̀díẹ̀. Fáìlì tí wọ́n tún ṣe nínú Linux ṣì ń jẹ́ mc146818.