Ìyá ọba kì í ṣe aya ọba: ojú Idia àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìtàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, reine, sì ni wọ́n fi ń pe gbogbo obìnrin tó bá jókòó nítòsí adé. Nígbà tí mo fi àwòrán ojú Idia han àwọn ìyá àgbà kan ní abúlé kan lẹ́bàá Ikpinlè, ní agbègbè Adja-Ouèrè, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé: "Aya ọba ni, àbí ìyá ọba?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ tẹ̀ lé níbí.

Idia ni ìyá Esigie, Ọba Bìní ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. (Nàìjíríà ni Bìní tí mò ń wí wà, orílẹ̀-èdè tiwa kàn gba orúkọ náà ní 1975 ni.) Ìtàn Bìní sọ pé ó fi oògùn àti ọgbọ́n ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà ogun Ìgalà, ọmọ náà sì dá oyè Ìyọba sílẹ̀ fún un. Uselu ni ààfin Ìyọba wà. Ọ̀yọ́ náà ní Ìyá Ọba láàárín àwọn olóyè obìnrin ààfin, ó sì yàtọ̀ sí ayaba.

Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ojú náà. Méjì lára wọn jọra bí ìbejì: ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì wà ní Metropolitan Museum ní New York. Ogun 1897 ló gbé wọn kúrò nílé. Lórí ti New York, orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n àti ẹja àrọ̀ ni wọ́n tò sí adé. Ẹja àrọ̀ ń gbé inú omi, ó sì ń rìn lórí ilẹ̀. Ojú òkun ni Potogí gbà dé pẹ̀lú ọrọ̀ wọn. Ohun tó yí obìnrin náà ká ló ń sọ ipò rẹ̀.

Inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ti mọ àwòrán àwọn ayaba ilẹ̀ Faransé lára yóò wá a sí ẹnu tàbí ojú. Ẹnu Idia pa dé, ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. Iwájú orí ni kí á wò: ilà méjì dúró ṣánṣán níbẹ̀, irin ni wọ́n tẹ̀ sínú wọn. Àwọn Bìní náà ń bọ orí bíi tiwa. Lójú tèmi, agbára orí ni agbẹ́gilére ń tọ́ka sí, kì í ṣe ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ ọjọ́ kan. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilé wa ń ṣe bákan náà: ojú ìsàlẹ̀ a parọ́rọ́, ariwo ayé a sì wà lókè orí, ejò, ẹyẹ, alùpùpù pàápàá.

Ben Enwonwu gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó ya Adetutu Ademiluyi, ọmọ ìdílé ọba Ifẹ̀, ní 1973 àti 1974. Kò dé e ládé. Ojú rẹ̀ ló ní kí á wò, Tutu lásán ló sì pe àwòrán náà. Wọ́n ta ti 1974 ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Èrèlé 2018, £1,205,000.

Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí mò ń ṣe, mo ti pín reine sí mẹ́rin: ayaba, olorì, ìyá ọba, ọbabìnrin. Reine mère sún mọ́ Ìyọba, ṣùgbọ́n opó ọba tí ọmọ rẹ̀ ń jọba ni Faransé ń fi pè. Oyè tí ọmọ fi jẹ ìyá kò sí nínú rẹ̀, nítorí náà Ìyọba ni mo kọ síbẹ̀, láìtúmọ̀ rẹ̀.