Mumbai: Ìlú Tí A Gbà Lọ́wọ́ Òkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú àlejò a máa tóbi, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìlú Bombay, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Íńdíà, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Láti ọdún 1995 ni ìjọba ibẹ̀ ti sọ pé Mumbai ni kí a máa pè é. Àlejò tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ibẹ̀ yóò rí èrò bí eéṣú, yóò rí ọkọ̀ ojú irin tí àwọn ènìyàn so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì gbọ́ fèrè mọ́tò láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ibẹ̀ ní ọdún 2011, wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjìlá. Ṣùgbọ́n ohun tí àlejò kì í tètè rí ni pé omi òkun ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nígbà kan rí.

Erékùṣù kéékèèké méje ni ó wà níbẹ̀ ní àtijọ́. Nígbà tí òkun bá kún, omi a gba àárín wọn kọjá. Nígbà tí ó bá fà, ẹrẹ̀ ni í kù. Àwọn apẹja tí à ń pè ní Koli ni wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé. Wọ́n ní òrìṣà obìnrin kan tí wọ́n ń sìn, Mumbadevi ni orúkọ rẹ̀, láti ara rẹ̀ sì ni orúkọ Mumbai ti wá.

Ní ọdún 1534, àwọn Pọtogí gba àwọn erékùṣù náà lọ́wọ́ ọba Gujarat. Ní ọdún 1661, Charles Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì, àti Catherine, ọmọ ọba Pọtogí, ṣe àdéhùn ìgbéyàwó. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọkọ ni í san ìdána. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ilé ìyàwó ni í di ẹrù fún ọkọ. Bombay wà nínú ẹrù ìyàwó náà. Ní ọdún 1668, ọba fi ibẹ̀ lé àwọn oníṣòwò East India Company lọ́wọ́, pé kí wọ́n máa san pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ́dún, ní wúrà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ṣàkíyèsí èyí dáradára: ọba kan fi ta èkejì lọ́rẹ, èkejì fi yá oníṣòwò, wọn kò sì bi apẹja kankan léèrè.

Àwọn oníṣòwò ń fẹ́ ilẹ̀ sí i. Wọ́n mọ odi dí ẹnu ibi tí òkun ń gbà wọlé lẹ́bàá Worli; ní nǹkan bí ọdún 1784 ni iṣẹ́ náà parí. Wọ́n wó òkè, wọ́n fi erùpẹ̀ rẹ̀ dí ẹrẹ̀. Ní ọdún 1838, ọ̀nà dé Colaba lórí omi. Ní ọdún 1845, òmíràn so Mahim mọ́ ilẹ̀ tí ó wà ní ìhà àríwá. Ìyàwó ọlọ́rọ̀ kan nínú àwọn Parsi, Lady Jamsetjee, ni ó fi owó tirẹ̀ ṣe ti Mahim, ó sì bá ìjọba mulẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Báyìí ni erékùṣù méje ṣe di ẹyọ kan.

Lẹ́yìn èyí ni ọrọ̀ dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 1853, ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ tí ó kó èrò ní ilẹ̀ Íńdíà gbéra láti Bombay lọ sí Thane, ìrìn máìlì mọ́kànlélógún. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865, òwú kò rí ibẹ̀ jáde mọ́. Ni àwọn oníṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá yíjú sí òwú Íńdíà, owó sì rọ́ wọ Bombay. Àlejò tí ó bá fẹ́ rí àmì ọrọ̀ náà, kí ó lọ wo ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tí wọ́n kọ́ láti 1878 sí 1888. Orúkọ Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n fi sọ ọ́ nígbà náà. Láti 1996, orúkọ Shivaji, akọni ọba ilẹ̀ wọn, ni ó ń jẹ́.

Kí àlejò sì dé etí omi, níbi tí wọ́n ń pè ní Gateway of India. Ìrántí ìgbà tí Ọba George Karùn-ún gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1911 ni. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1924. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbé èrò lọ sí erékùṣù Elephanta, níbi tí àwọn ará ìgbàanì ti gbẹ́ ère òrìṣà Shiva olójú mẹ́ta sára àpáta.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1942, ní Bombay yìí kan náà, Gandhi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fi Íńdíà sílẹ̀. Ní ọdún kejì, ọkọ̀ kó àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Íńdíà láti lọ jagun ní Bọ́mà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn. Íńdíà gba òmìnira ní 1947. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kẹ́yìn yan gba abẹ́ Gateway kọjá lọ sínú ọkọ̀. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ń rántí bí ọba wọn ti wọlé ni àwọn náà gbà jáde.

Àwọn Koli kò bá wọn lọ. Wọ́n ṣì wà ní Worli, láàárín àwọn ilé gogoro. Ṣùgbọ́n dídí òkun kò tíì tán. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà tuntun létí òkun, èyí tí apá rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣí ní 2024, àwọn apẹja Worli rí i pé àlàfo òpó afárá kan, mítà 60, kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ wọn kọjá láìséwu bí ìgbì bá le. Wọ́n fi ọkọ̀ wọn dínà iṣẹ́ náà. Wọ́n fà á títí ìjọba ìlú fi gbà láti sọ ọ́ di mítà 120. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni wọ́n rí gbà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n bi apẹja léèrè.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ sí Mumbai, kí ó wo ilé gíga, kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n kí ó jí ní kùtùkùtù, kí ó lọ sí èbúté Sassoon ní Colaba, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1875, níbi tí wọ́n ti ń já ẹja. Kí ó kí àwọn obìnrin Koli tí ń ta ẹja níbẹ̀. Ilé onílé ni ó wọ̀, àwọn sì ni onílé.