Kò Sí Àyè: Ìran Wíwò láti Ààfin Ọ̀yọ́ títí dé Sábó

Ẹni tí ó bá ti Ìlọrin bọ̀, tí ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété kọjá, tí ó sì forí lé Ọ̀yọ́ ọmọ Àtìbà, yóò rí i pé ìlú méjèèjì ni ó ní àdúgbò tí à ń pè ní Sábó, orúkọ tí a yá lẹ́nu àwọn Hausa, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ‘tuntun’ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn àlejò wa láti Òkè Ọya, oníṣòwò obì, màlúù àti àlùbọ́sà, gbé dó sí láàárín wa. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí onísúyà bá ń fẹ́ná, tí ìyá alákàrà sì ti gbé epo kaná, kò ṣòro láti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí àwọn ènìyàn ń gbé fóònù àti mẹ́mórì káàdì fún, pé kí ó bá àwọn kó fíìmù sí i. Owó péréte ni wọn ń san. Bí o bá bẹjú wo ohun tí ó ń kó fún wọn, o lè bá ìtàn Baṣọ̀run Gáà tí Bọ́láńlé Austen-Peters gbé jáde ní ọdún 2024 níbẹ̀, tàbí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, ti ọdún 2022. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ìtàn méjèèjì ti ṣẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó sì ń wò wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó làágùn sí i kò ní rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀.

Ó dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí i, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa gan-an ni eré ti ṣẹ̀. Ní ayé Aláàfin Abípa, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ṣì wà ní Ìgbòho, ọba fẹ́ kí wọn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn Ọ̀yọ́mèsì, tí ibùdó tuntun ti tù lára, kò sì fẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó kọ ìtàn Yorùbá sílẹ̀ fún wa, sọ pé ńṣe ni àwọn ìjòyè kó abuké, àfín, aràrá, arọ àti irú wọn jọ, tí wọ́n ní kí wọn lọ máa rìn kiri lórí òkè ní Ọ̀yọ́-Ilé lóru, kí wọn máa ké pé ‘Kò sí àyè! Kò sí àyè!’ kí àwọn ìránṣẹ́ tí ọba rán lọ wo ilẹ̀ lè rò pé iwin ni ó ń lé àwọn. Ọba gbọ́ fìn-ín. Ó rán ọdẹ lọ, àwọn ọdẹ mú iwin wọ̀nyí láàyè, ọba sì fi igbá ọtí ránṣẹ́ sí ìjòyè kọ̀ọ̀kan, tí ó sì jẹ́ pé iwin tí olúkúlùkù wọn bẹ̀ lọ́wẹ̀ gan-an ni ó ru ọtí tirẹ̀ wá bá a. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kì í ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó fọwọ́ mú ọ̀rọ̀, èyíinì ni iwin. Ọ̀mọ̀wé Joel Adédèjì, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí eré ìbílẹ̀ wa, fa gbòǹgbò eré alárìnjó dé ibi ìtàn yìí, pé láti ààfin ni eré ti bọ́ sí ìgboro.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Hugh Clapperton àti Richard Lander, àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga. Aláàfin Májòtú mú kí àwọn eléré ṣeré fún wọn. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan wọ inú àpò, wọ́n ń tàkìtì. Pé òjòlá kan wọ́ jáde. Àti pé ní ìkẹyìn, òyìnbó kan yọ sí gbangba, ó funfun bí ìda, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Òun gan-an ni wọ́n ń sín jẹ lójú ara rẹ̀! Ọba ni ó gbé eré náà kalẹ̀, gbogbo ìlú sì ni ó wò ó. Nígbà tí irú eré bẹ́ẹ̀ bá sì dé ìgboro, ẹni tí orí rẹ̀ bá wú ni yóò mú owó ẹyọ lé apidán lórí. Ẹni tí kò ní yóò pàtẹ́wọ́.

Hubert Ògúndé ni ó sọ eré di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun. Láti ọdún 1944 tí ó ti kọ́kọ́ gbé eré jáde ni gbọ̀ngàn, àga, àti owó ẹnu ọ̀nà ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà. Dúró Ládiípọ̀ tẹ̀ lé e ní tirẹ̀, ó gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, ìtàn Ṣàngó, Aláàfin tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e dé Jámánì àti ìlú London. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àwọn eléré wọ̀nyí kò fi ìlú kéékèèké sílẹ̀: gbọ̀ngàn ilé-ìwé ni wọn ń lò, owó wọn kò sì ga ju ọwọ́ àgbẹ̀ lọ.

Nígbà tí fíìmù dé, ìwà yẹn náà ni wọ́n bá wọ inú rẹ̀. Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún ní ọdún 1976, Adé Afọláyan sì ni ọ̀gá òṣèré inú rẹ̀. Ògúndé gbé Ayé jáde ní ọdún 1979. Ilé sinimá tí ó wà nígbà náà, ọwọ́ àwọn ará Lẹ́bánónì àti Íńdíà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, fíìmù Íńdíà, ti Amẹ́ríkà àti ti àwọn Ṣáínà oníjà ni wọ́n sì ń fi hàn. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn wa fi ń gbé fíìmù wọn fúnra wọn kiri, tàwọn ti ẹ̀rọ tí a fi ń tàn án sára ògiri, láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń ṣọ́ ọ bí abiyamọ ti ń ṣọ́ ìkókó, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé e sá lọ ti gbé gbogbo ọrọ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù dé bá Baba Sàlá. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹni tí ó ń so aago ògiri mọ́ra bí aago ọwọ́, tí ó sọ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá di ẹlẹ́rìn-ín, yá owó ńlá, ó fi ṣe Ọ̀run Móoru ní ọdún 1982. Kí fíìmù náà tó pa owó tí ó jẹ wọlé, àwọn olè ti dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, kásẹ́ẹ̀tì sì fọ́n káàkiri bí òwú tí atẹ́gùn gbé. Àwọn ènìyàn jókòó nínú pálọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín dọ́ba. Ẹni tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín wà nínú gbèsè. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọrọ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò títí ó fi kú ní ọjọ́ 7, oṣù kẹwàá, ọdún 2018. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Gbogbo wa tí a ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn ni a gba epo sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún 1986 tí náírà já wálẹ̀, ẹni tí ó lè ra fíìmù tí a fi ń ya àwòrán láti òkè òkun ṣọ̀wọ́n, àwọn eléré bá yíjú sí fídíò, èyí tí a fún ní orúkọ dáradára nì, àgbéléwò. Àgbéléwò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìparun, ó sì tún fi wọ́n lé olè lọ́wọ́, nítorí ohun tí a lè tà fún ilé kọ̀ọ̀kan ni a lè dà kọ ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ọjà Aláàbà ní Èkó àti ọjà Kánò di orísun méjì tí ẹ̀dà ayédèrú ti ń ṣàn, Sábó sì wà lójú ọ̀nà méjèèjì. Nígbà tí àwo dé, fíìmù mẹ́wàá lè wà lójú àwo kan ṣoṣo. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 1988 wà, a sì ti sọ ọ́ dọ̀tun ní ọdún 2023. Síbẹ̀, ní ọdún 2015, fíìmù October 1 ti Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Afọláyan tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, di ohun tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dà ayédèrú lójú títì, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ogún ìyà ni bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Èmi kò ní pe olè ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́ lórí owó ẹnu ọ̀nà sinimá. Láti ọdún 2004 tí Silverbird ti ṣí sinimá ìgbàlódé ní Èkó, inú ilé ìtajà ńláńlá, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ni ìran ti wà. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦70,000 tí òfin là kalẹ̀ ní ọdún 2024, owó rẹ̀ kò pé ₦2,400 lójúmọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì kan yóò gba èyí àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a tó dárúkọ owó ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, tàbí láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, kí a tó dárúkọ ìyàwó àti ọmọ. Àwọn tí agbára wọn ká a ń lọ. Àwọn ni wọ́n sọ A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé di fíìmù ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí owó rẹ̀ ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Fún ará Sábó, àgbàdo inú ìgò ni, àwòmọ́jú adìẹ. ‘Kò sí àyè,’ ni iwin ń ké sí i láti orí òkè.

Ohun tí Ògúndé àti Adé Afọláyan ṣe ni ó ń wá sí mi lọ́kàn: kí a gbé ìran náà wá bá ènìyàn. Ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí fúyẹ́ ju tiwọn lọ. Ògiri ilé-ìwé wà, pápá wà, ilẹ̀ sì ń ṣú lálaalẹ́. Mo bi ìyá alákàrà kan ní Sábó bí yóò bá san owó díẹ̀ kí ó lè wo ìtàn Baṣọ̀run Gáà lójú ògiri ńlá, kí owó náà sì dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é. Ó ní òun yóò wá, bí wọ́n bá lè dúró kí òun tà tán.